Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń dúró de èsì àyẹ̀wò ọmú, ọkàn mi ò balẹ̀

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe mí. Àyẹ̀wò kejì ni mò ń retí èsì rẹ̀. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Aṣọ tí mo rẹ sínú aró lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ni mo tó rántí rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ó wá bá wa ní Òkè-Báálẹ̀, kò tíì jókòó tó fi ní owó tí mo máa ń ki bọ kọ́mú lọ́jà ló fà á. Ọkọ mi wà níbẹ̀, kò fọhùn. Nọ́ọ̀sì tó fún mi ní èsì àkọ́kọ́ pariwo orúkọ àìsàn náà létí gbogbo èrò, ni mo bá ń sunkún lórí ọ̀kadà títí mo fi dé Ọláìyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ni kí n máa jẹ? Ṣé kí n ṣì máa fún ọmọ mi lọ́mú?

Ìyá Ìbejì Ìlobùú: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n tèmi náà. Wọ́n gé ọ̀kan, wọ́n fa oògùn sí i lára lẹ́ẹ̀mẹfà, irun orí rẹ̀ re tán. Irun ti hù padà o. Ọkọ rẹ̀ ló kó ẹrù sá. Nígbà tó gbádùn tán, ó tún padà wá, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ló tan òun!

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Owó inú kọ́mú kì í fa jẹjẹrẹ. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ìgbà wo lẹ rí kókó náà? Àyẹ̀wò kejì wo lẹ ń sọ?

Bàbá Ẹlẹ́wé: Má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án, ńṣe ló máa tàn ká. Àgbo wà fún un.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹ dákun, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Abẹ kì í mú un tàn. Àwọn tí mo rí tó kú, àgbo ni wọ́n mu títí ọmú fi bẹ́ kí wọ́n tó wá bá wa.

Bàbá Ẹlẹ́wé: Ṣebí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà lẹ ń pariwo àìsàn èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dáadáa, mo bá a tọrọ àforíjì. Ìyẹn ò sọ àgbo di oògùn jẹjẹrẹ.

Ìyá Aláàdìrẹ: Mi ò mu àgbo kankan. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ìgbà ààwẹ̀ ni mo rí kókó náà, mo rò pé wàrà ló dì, kò sì dùn mí rárá. Ẹ má bá mi wí pé mo pẹ́, ọmọ mẹ́rin ni mò ń tọ́.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Jẹjẹrẹ kì í ti inú wàrà ran ọmọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí ọ lára, ọmọ ò gbọdọ̀ mu ún mọ́, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í já a lẹ́nu ọmú díẹ̀díẹ̀. Àyẹ̀wò kejì yẹn ló ń sọ ohun tó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Tó bá jẹ́ họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ni, oògùn oníhóró bíi tamoxifen wà, tí èèyàn á máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tún wo HER2, ìyẹn èròjà kan tó ń mú jẹjẹrẹ dàgbà kíákíá tó bá pọ̀ jù lára rẹ̀, torí oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti pọ̀ jù. Ibo ni wọ́n gbé ẹran tí wọ́n gé nínú kókó náà fún àyẹ̀wò lọ?

Ìyá Ìbejì Ìlobùú: Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí ni mo ṣì ń rò o. Èmi náà ní irú rẹ̀ nílé...

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ má bínú sí mi. Wọ́n dì í sínú ìda kékeré kan, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé mo ti gbé e lọ. Owó tó fún mi ṣì pé. Tí mo bá dé gáréèjì tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Ìbàdàn, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mọ́. Tí èsì yẹn bá jáde, wọ́n á gé ọmú mi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Mi ò ní bá ọ wí. Àyẹ̀wò yẹn kọ́ ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n gé ọmú. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ kókó nìkan ni wọ́n yọ fún wọn. Ìda náà kì í tètè bàjẹ́, ṣáà má gbé e sínú oòrùn. Sọ òótọ́ fún ọkọ rẹ lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Ìlobùú: Ọ̀la ni mò ń lọ ra aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Aago mẹ́fà àárọ̀, màá ti wà ní gáréèjì. UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, la máa kọ́kọ́ yà.

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo lè mú ọmọ dání?

Ìyá Ìbejì Ìlobùú: Pọ̀n ọ́n wá. Má gbàgbé ìwé tí wọ́n fún ọ.