Èsì: "Ogun abẹ́lé" ti Írẹ́lándì, abẹ́ ilé ta ni?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ní kí á fi "ogun abẹ́lé" túmọ̀ méjèèjì: ìjà tí àwọn ará Írẹ́lándì bá ara wọn jà ní 1922 sí 1923 (Irish Civil War), àti èyí tó gba Àríwá Írẹ́lándì kan fún bí ọgbọ̀n ọdún títí di 1998 (the Troubles). Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo gbà fún yín lórí ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Ẹ wo "abẹ́lé" fúnra rẹ̀. Ọtí abẹ́lé, ìdìbò abẹ́lé, ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé: ibi gbogbo tí a ti ń lò ó, a ti gbà pé ilé kan wà, a sì mọ onílé. Ti 1922 wọ ẹ̀wù yìí wẹ́kú. Àwọn tó jọ gbé ìbọn kojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba náà ṣe ní oṣù Kejìlá 1921 pín sí méjì. Ìbò 64 gbà á wọlé nílé aṣòfin wọn, 57 kọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1922, àwọn tó gbà á ti ń yin àgbá lu Four Courts, ọgbà ilé ẹjọ́ ní Dublin, níbi tí àwọn tó kọ àdéhùn náà gbà ṣe ibùdó.

Fọ́tò ìgbéyàwó kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Oṣù Kẹwàá 1921 ni. Kevin O'Higgins ni ọkọ ìyàwó, ó dúró láàárín, Éamon de Valera, tó padà di olórí àwọn tó kọ àdéhùn náà, lápá kan, Rory O'Connor tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó lápá kejì. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, O'Connor, tó wà lára àwọn tó gba Four Courts, ti wà lẹ́wọ̀n, O'Higgins ti di mínísítà nínú ìjọba àwọn tó gba àdéhùn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1922 wọ́n yìnbọn pa O'Connor láìgbẹ́jọ́ rẹ̀, O'Higgins sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ta ló tún fẹ́ sọ pé èyí kì í ṣe abẹ́lé?

Àní ìwé ilé wọn gan-an jóná. Ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìjọba sí wà nínú ọgbà Four Courts yẹn. Nígbà tó gbiná, ìwé tó ti jóná ń fò kiri ojú ọ̀run Dublin bí ẹyẹ. Ìdí nìyí tí ọmọ Írẹ́lándì tó bá ń wá orúkọ baba ńlá rẹ̀ nínú ètò ìkànìyàn 1821 sí 1851 fi máa ń bá òfo pàdé, àfi èérún díẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Àwọn tó ń sọ èdè Irish tún ń pe ogun yìí ní Cogadh na gCarad, ìyẹn ogun àwọn ọ̀rẹ́. Ẹnì kan ti dábàá "ogun ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́". Ẹ jọ̀wọ́ o! Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé Super Eagles ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ìdánrawò. Mo dá "Ogun Ọ̀rẹ́-Dọ̀tá" lábàá.

Ó wá ku ti Àríwá. Ohun tí wọ́n ń jà sí gan-an ni pé ilé ta ni. Apá kan ní ilé Gẹ̀ẹ́sì làwọn wà, apá kejì ní ilé Írẹ́lándì ni. Tí a bá wá kọ "abẹ́lé", a ti dá ẹjọ́ náà ká tó mọ̀. "Ogun" pàápàá ní ẹ̀gún nínú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò gbà pé ogun ni. Láti oṣù Kẹta 1976, wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀daràn bí ọ̀daràn ni. Ní 1981, ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá kọ oúnjẹ títí wọ́n fi kú nítorí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n ka àwọn sí ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kú lé lórí, a ò lè sáré mú un.

Àbúrò wa obìnrin tó ní ká pe ti Àríwá ní "Wàhálà", àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wàhálà ni ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, pé ohun tó pa ènìyàn tó lé ní 3,500 kì í ṣe wàhálà lásán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré làwọn tí ọ̀rọ̀ kàn náà mú, the Troubles ní Gẹ̀ẹ́sì, Na Trioblóidí ní Irish. Ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi ní Belfast kì í dárúkọ rẹ̀ rárá. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, ó kàn máa ń sọ ohun tí a lè pè ní "nígbà tí nǹkan ò rọgbọ", á sì nawọ́ sí ògiri gíga tó la òpópónà wọn sí méjì. Ògiri yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, alaalẹ́ ni wọ́n ń ti géètì rẹ̀.

"Rògbòdìyàn" ńkọ́? Àwọn ìwé ìròyìn ti lò ó gbó. Ìjà inú gáréèjì náà rògbòdìyàn ni. "Ìjọ̀gbọ̀n" dùn mọ́ mi díẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń dá ìjọ̀gbọ̀n sílẹ̀ ni, ẹ̀yin náà á sì bi mí pé ta ló dá a. Àwọn baba wa rí ọ̀nà gbé e gbà: ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ jà, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Kírìjì, kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Wàhálà, tí a bá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sún mọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí a ti kà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ṣì ta kú pé "ogun abẹ́lé" ni méjèèjì, ẹ kàn bá mi sọ ilé tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.