Wáífáì táblẹ́ẹ̀tì mi di àwátì lórí Linux, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí kẹ́ ẹ sọ tiyín náà

Baba Ìbejì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá wáífáì tó wà níwájú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí. Àbúrò mi obìnrin ló fún mi ní táblẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan, oní ínṣì mẹ́jọ, Intel Atom Z3735F ló wà nínú ẹ̀, RAM ẹ̀ 2GB, Windows orí ẹ̀ ti ń wọ́ bí ìgbín, èèyàn lè tẹ nǹkan kó lọ wẹ̀ kó tó padà wá bá a. Mo ní kò burú, Debian 11, ìyẹn irú Linux kan, ni màá gbé sórí ẹ̀.

Fláàṣì tí mo kọ́kọ́ ṣe kọ̀ jálẹ̀. Àṣé processor ẹ̀ 64-bit ni àmọ́ UEFI ẹ̀ (ètò tó kọ́kọ́ ń jí tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ) 32-bit, ìgbà tí mo lọ mú image i386 (fáìlì Debian ti 32-bit) ló tó gbà. Ojú USB kan ṣoṣo ló sì ní, ibẹ̀ lẹ máa ti ṣáàjì ẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ máa ki hub (tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) bọ̀. Kíbọ́ọ̀dù, fláàṣì, àti fóònù mi tó ń fún un ní dátà, gbogbo wọn wà lórí hub yẹn, ṣájà ò ráyè, fóònù mi tún ń fa iná lára ẹ̀! Bátìrì táblẹ́ẹ̀tì bọ́ sí 19%, ti fóònù ń gòkè, èmi ń gbàdúrà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ṣáà parí kó tó kú.

Ó parí tán, kò sí wáífáì. Mo tẹ lspci, tó ń to ohun tó wà lórí PCI (ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ń gbà), kò sóhun tó jọ nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Mo tẹ lsusb, tó ń to ti orí USB, hub, kíbọ́ọ̀dù àti fóònù mi ni mo rí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní IC wáífáì ti jóná, kí n mówó wá kóun tú u. Wáífáì tí àbúrò mi fi ń wo fídíò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé ẹrù mi, mo bá tèmi lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé chip wáífáì ọ̀pọ̀ irú táblẹ́ẹ̀tì yìí kì í gba orí PCI, kì í gba orí USB, SDIO ló ń gbà, ìyẹn irú ọ̀nà tí mẹ́mọ́rì káàdì ń gbà. Ẹni tó ń gbé Mókọ́lá lèmi ń kanlẹ̀kùn ẹ̀ ní Mọ́níyà. Ibi tó yẹ kí n wò rèé:

cat /sys/bus/sdio/devices/*/uevent

Ló bá já a fún mi pé SDIO_ID=024C:B723. 024C yẹn ni Realtek, B723 sì ni RTL8723BS. Ẹ rántí pé "Wi-Fi" lásán ni wọ́n kọ sí páálí ẹ̀ o. Mo wá tẹ dmesg, ibi tí Linux ń kọ ohun tó ń ṣe sí, mo rí i níbẹ̀ pé ó ń wá rtlwifi/rtl8723bs_nic.bin, error -2, ìyẹn ni pé fáìlì yẹn ò sí. Driver (ètò tó ń bá chip sọ̀rọ̀) wà nílé, oúnjẹ ẹ̀, ìyẹn firmware tó máa gbé sínú chip, ni ò sí. Image Debian 11 tí mo lò ò kó firmware tí kì í ṣe free dání, Debian 12 ọdún 2023 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o mọ́ ọn. Mo fi contrib non-free kún sources.list, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí Debian ti máa wá ètò, apt install firmware-realtek, mo tún un tàn, wáífáì àwọn ará àdúgbò wá tò jáde rẹrẹẹrẹ. Mo pariwo, ìyàwó mi rò pé wọ́n ti mú iná dé ni.

Tísà Fisíìsì:
Tiyín ṣì dáa, ẹ̀gbọ́n. Èmi bá 024C:B723 yìí pàdé ní 2016, Ubuntu 16.04 (Linux míì), kernel 4.4 (kernel ni ọkàn Linux), driver gan-an ò sí rárá. Èèyàn kan ti kó source ẹ̀ sórí GitHub, mo wà á jáde, mo make ẹ̀ (ìyẹn ni pé mo sọ ọ́ di driver tó lè ṣiṣẹ́), ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn. Lọ́sẹ̀ kejì kernel gba update, wáífáì pòórá, mo tún make. Bí mo ṣe ń bá a yí nìyẹn títí kernel 4.12 fi dé ní 2017 tí wọ́n gbé driver náà sínú staging, apá kernel tí wọ́n ń kó driver tí ò tíì pé sí. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ kọ̀máàǹdì ẹ̀ sí, àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé formula ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Broadcom ni tèmi, 02D0:A9A6, BCM43430 nìyẹn. Driver wà, firmware wà, síbẹ̀ kò dìde, àṣé ó tún ń bèèrè fáìlì nvram (ètò tó bá chip inú táblẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mu), brcmfmac43430-sdio.txt. Mo lọ mú ti táblẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì, ó gbà lóòótọ́, àmọ́ tí n bá ti kúrò nídìí router báyìí ó ti já. Bẹ́ẹ̀ tèmi gan-an wà lára táblẹ́ẹ̀tì látọjọ́ yìí, nínú /sys/firmware/efi/efivars, ó ń jẹ́ nvram-74b00bd9 àti ìyókù orúkọ gígùn yẹn. Mo dà á kọ sínú /lib/firmware/brcm, ó tán.

Ìyá Àrẹ̀mú:
Èmi ò lè make nǹkan kan o. Mo ra dongle kékeré, wáífáì tí wọ́n ń ki bọ ojú USB, lsusb ní 148f:7601, driver ẹ̀, mt7601u, ti wà nínú kernel láti 4.2, bí mo ṣe ki dongle náà bọ ojú USB ló ṣiṣẹ́. Ẹ má wo orúkọ tó wà lára páálí, ọ̀kan náà ni mo tún rà fún ọmọ mi, chip inú ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àbùkù ẹ̀ ni pé ó ti gba ojú USB kan ṣoṣo yẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Àǹtí, hub ńkọ́?

Ìyá Àrẹ̀mú:
Hub tí màá máa gbé lé àyà lórí bẹ́ẹ̀dì? Rárá o.

Adé Kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti tẹ ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, ó ní No such file, mo wo fóldà sdio/devices, ó ṣófo. Oníṣẹ́ kan ti ní kí n gbé e wá lọ́la.

Baba Ìbejì:
Má gbé e fún ẹnikẹ́ni tú o jàre. Tẹ lspci àti lsusb náà, àwọn míì wà tó jẹ́ pé orí PCI ni tiwọn. Tẹ rfkill list (ó ń sọ bóyá wọ́n ti pa wáífáì), kó o tẹ sudo dmesg | grep mmc (ó ń yọ ọ̀rọ̀ tó kan ọ̀nà SDIO yẹn jáde), gbogbo ohun tó bá kọ ni kó o fi ránṣẹ́ síbí, má yọ ìkankan.