Séèfù ilé: kí ni ojú yín ti rí?

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀: Ọkùn o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ra séèfù sí ilé wa ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀. Ìwé ilẹ̀, sàtífíkéètì àwọn ọmọ àti iyùn ìyá mi ni màá kó sí i. Ẹni tó bá ti ra ọ̀kan rí, ẹ jọ̀ọ́, irú èwo ni kí n rà?

Ìyá Ìbejì, Kàbà: Èyí ó wù kí o rà, dè é mọ́lẹ̀.

Àbúrò wọn: Ẹ gbọ́ ti Ìyá Ìbejì o. Tiwa kò ju kílò 15 lọ. Àwọn olè tó wọlé kò tilẹ̀ gbìyànjú àtiṣí i, wọ́n gbé e tòun ti ẹrù inú rẹ̀, ó di orí ọ̀kadà. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì ni mo rí páálí rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bóòtù mẹ́rin tó yẹ ká fi dè é ṣì wà nínú ọ̀rá, a ò tíì tú u.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Ti olè ṣì sàn. Bàbá wa kú láìsọ nọ́ńbà séèfù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. A wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i bí bátìrì bá kú, a ò rí i. Lẹ́yìn ìsìnkú la pe wẹ́dà, ó fi iná gáàsì gé e. Kó tó gé e dé ìdajì ni òórùn ìwé tó ń jó ti gba pálọ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn já, ìwé ìwọnlẹ̀ oko kaṣú wa ti di èédú létí, apá ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà òkúta ààlà sí gan-an ló jó tán. Kọ́kọ́rọ́ tí a ń wá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kàbà: Háà! Inú séèfù kẹ̀? Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Wẹ́dà Ìsánlú: Iṣẹ́ mi nìyí, ó sì dùn mí. Ẹni tó mọ̀ pé ìwé wà nínú rẹ̀ kì í fi iná sí i. Dírílì ni wọ́n fi ń lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀kù.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: A sọ fún un pé ìwé ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ní kò sí wàhálà.

Bàbá Dúró: Àkọ́bí ló yẹ kó mọ nọ́ńbà.

Ìyá Ìbejì, Kàbà: Kí ló dé tí kì í ṣe ìyàwó? Ta ló ń bá yín gbé inú ilé?

Bàbá Dúró: Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́ta ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Kàbà: Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ ọ́n!

Aláṣọ Búnú: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Mo ra èyí tí iná kì í tètè jó, wọ́n kọ ìṣẹ́jú 60 sí i lára. Ohun bíi sìmẹ́ńtì tó wà láàrin irin rẹ̀ ní omi nínú, omi yẹn ló ń gbéjà ko iná. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ. Mo tọ́jú aṣọ ìpò ìyá ìyá mi, aṣọ pupa ilẹ̀ Búnú wa, sínú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló hun ún. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti bu níbi ìṣẹ́po, pupa rẹ̀ ti ní àbàwọ́n eérú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Bí o bá ra irú rẹ̀, máa ṣí i lóòrèkóòrè kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́.

Àbúrò wọn: Ẹ kú ìrọ́jú, màámi. Irú aṣọ yẹn kò sí ní ọjà mọ́.

Oníṣòwò Kàbà: Owó lèmi kó sí tèmi. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń pààrọ̀ náírà ní 2022, sáré ni mo ń sá kiri. Ẹ má fi owó púpọ̀ sílé.

Bàbá Dúró: Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ṣáà ní ní March 2023 pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná.

Oníṣòwò Kàbà: Mo ti ta ọjà mi ní gbàǹjo kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀: Mo dúpẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ilé alámọ̀ ni tiwa, ṣé ògiri lè gba bóòtù?

Wẹ́dà Ìsánlú: Rárá, yóò fà tu. Fọ́ ilẹ̀ yàrá, da kòǹkéré sí i, jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó lu ihò. Kí o sì yí nọ́ńbà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí o bá rà á, torí ó wà nínú ìwé tó wà nínú páálí.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀ tí oko yín bá tiwa pààlà, bí nọ́ńbà òkúta ààlà wa bá wà nínú ìwé tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù.