Omi wọ katapílà: mo sọ tèmi, ẹ sọ tiyín

Sípánà Òjóò:
Ẹ̀yin ará iṣẹ́, ẹ kú òjò o. Katapílà ni mò ń tún ṣe, ọ̀kan tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ń kó ẹrẹ̀ odò Ògùnpa lápá Mọ́lété, n'Íbàdàn. Nígbà tí ọpiréétọ̀ ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, etí odò níbẹ̀ ló fi katapílà sí. Bàbá ọlọ́dẹ ní kó gbé e gun òkè. Bàbá yìí fojú ara wọn rí omíyalé August 31, 1980. Bójú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, wọn kì í sùn mọ́. Ọpiréétọ̀ kàn rẹ́rìn-ín ni. Kílẹ̀ tó mọ́, omi ti dé ìdí àga tó ń jókòó sí.

Kí n tó débẹ̀, omi ti fà. Alájí tó ni ẹ̀rọ ń pariwo lórí fóònù: "Ẹ ṣá sítáàtì ẹ̀ ná, ká gbóhùn ẹ̀!" Mo ní, "Alájí, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá sítáàtì ẹ̀ báyìí, kó lọ ra ẹ́ńjìnnì míì fún yín." Inú wọn ò dùn sí mi rárá. Ẹ sì mọ̀ pé atẹ́gùn ni písítìn ń fún pọ̀, omi kì í fún pọ̀. Tómi bá wà lórí písítìn tí sítátà wá fi tipá yí i, kọ́nródì, irin tó gbé písítìn dúró, ló máa tẹ̀; ó tiẹ̀ lè já, kó dá bílọ́ọ̀kù lu.

Mo já orí bátìrì. Mo wo ọ́ìlì, ó ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìgbà tí mo tú u nídìí, omi ló kọ́kọ́ dà jáde, ọ́ìlì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú táǹkì, omi pọ̀ ju dísù lọ. Mo wá tú nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, mo ní kọ́mọ iṣẹ́ mi fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Ihò kẹta ló tu omi ẹrẹ̀ sí i lójú. Ọmọ náà fò sẹ́yìn: "Ọ̀gá, ó ń tutọ́!" Alájí ti dé nígbà yẹn. Wọn ò sọ̀rọ̀ sítáàtì mọ́.

Réwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, bá mi gbẹ sítátà àti ọ̀tánétọ̀ tó ń fúnná sí bátìrì. Ọ́ìlì tuntun tí mo kọ́kọ́ dà sí i, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó tú u dànù, Alájí ní mò ń fowó àwọn ṣòfò. Èkejì ṣì funfun díẹ̀. Ẹ̀kẹta ló mọ́. Mo dúpẹ́ pé ayé àtijọ́ ni katapílà yẹn, kò ní kọ̀ǹpútà lára.

Ọmọ Mọ̀níyà:
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Inú àbàtà ni tèmi há sí, ṣéènì tó fi ń rìn wọlẹ̀ tán. Wọ́n mú ọkọ̀ agbégi wá, wọ́n so wáyà mọ́ ọn. Bí wáyà ṣe le gbagidi, mo lé gbogbo èèyàn kúrò. Àfi gbàù! Ó já, ó gé igi ìbẹ́pẹ kan bí ẹni fàdá bẹ́ ẹ. Ṣọ́bìrì ló padà yọ ọ́. A gbẹ́ ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì kí atẹ́gùn lè wọ abẹ́ ẹ̀, torí ẹrẹ̀ ló ń fà á mọ́lẹ̀, a to ìtì igi síwájú ẹ̀, ó wá fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ di ilẹ̀ mú, ó wọ́ jáde bí alákàn.

Atukọ̀ Ilẹ̀:
Ọ̀gá Sípánà, èmi lọpiréétọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn. Ẹ ò bi ara yín léèrè ìdí tómi fi pọ̀ ju dísù lọ nínú táǹkì? Mo pe Alájí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé dísù tó kù ò lè gbé e gun òkè. Wọ́n ní ó di àárọ̀. Bàbá ọlọ́dẹ wà níbẹ̀ tí mò ń pè wọ́n, ẹ lọ bi wọ́n. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn, kí ni kí n ṣe?