Kí ló mú rọ́bọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí káà onírìmóòtù?

mama_ibeji_isanlu: Okun o gbogbo ilé. Wọ́n ní kí kíláàsì ọmọ mi tó wà ní JSS3 ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré, ló bá ní kí n ra káà onírìmóòtù fóun, mo ní ṣé ìyẹn náà lẹ ń pè ní rọ́bọ́ọ̀tì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi rò pé ó gbọ́dọ̀ lórí, kó lẹ́sẹ̀ bí èèyàn. Ta ló tọ̀nà?

tisa_kabba: Mama ẹ kú ìnáwó o 😄 Kò sẹ́ni tó gbà á nínú ẹ̀yin méjèèjì. Káà yẹn, ọwọ́ ọmọ yín ló ń darí ẹ̀, tó bá gbé rìmóòtù sílẹ̀ ó parí. Rọ́bọ́ọ̀tì ní sẹ́ńsọ̀ tó fi ń mọ ohun tó wà láyìíká ẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀ á gba ìròyìn yẹn á pinnu, mọ́tò á wá yí táyà tàbí gbé ọwọ́, sẹ́ńsọ̀ á tún wò ó bóyá ó rí bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yípo. Orí kọ́ o. Unimate, rọ́bọ́ọ̀tì tí General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, lò ní New Jersey ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961, apá lásán ni, irin gbígbóná ló ń gbé.

omo_mopa: Tísà, ẹ dúró ná. Unimate ò ríran rárá, ohun tí wọ́n ti kọ sínú ẹ̀ ló kàn ń tún ṣe.

tisa_kabba: Òótọ́ ni, kò ríran, ṣùgbọ́n ó ń mọ ibi tí apá ara ẹ̀ dé, ìyẹn náà sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ wo Curiosity, rọ́bọ́ọ̀tì onítáyà tó ti wà ní Mars, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, láti 2012, àṣẹ láti ayé lè gba ogún ìṣẹ́jú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ta ló fẹ́ fi rìmóòtù wa ìyẹn? Kó tó gbọ́ "dúró" ó ti já sí kòtò.

omo_mopa: Ìyẹn yé mi. Mama, ẹ ra Arduino Uno (kọ̀ǹpútà kékeré yẹn nìyẹn), HC-SR04 (sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó), L298N (òun ló ń fún mọ́tò níná bí Arduino bá ṣe pàṣẹ) àti mọ́tò méjì pẹ̀lú táyà. HC-SR04 yẹn á pariwo tétí wa ò lè gbọ́, bí àdán ṣe ń ṣe é, ariwo á lu ògiri padà wá, tó bá lo nǹkan bí 6 mílísẹ́kọ́ǹdù ní lílọ àti bíbọ̀, ògiri ò ju bíi mítà kan lọ. Kó má so mọ́tò mọ́ Arduino tààrà o! Iná tí mọ́tò ń fà ju agbára ẹ̀ lọ, á jó, L298N ló gbọ́dọ̀ wà láàárín.

mama_ibeji_isanlu: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń sọ pé á máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí láfún tí mo sá o, ṣó lè mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí èèyàn?

omo_mopa: Rárá o 😂 bí nǹkan ṣe jìnnà tó nìkan ló mọ̀, irun ewúrẹ́ gan-an lè gbé ariwo yẹn mì. Kámẹ́rà nìyẹn ń fẹ́, owó ẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ògiri ná.