Ohun tí kíka iṣẹ́ ara wa ti ṣe fún wa ní Àkúrẹ́

Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ojúgbà mi mélòó kan ní Àkúrẹ́ ti ń ka àpilẹ̀kọ ara wa kí a tó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀, mo ti gbà pé ẹni tó lè fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú u lójú wúlò fún òǹkọ̀wé ju ẹni tó ń tún sípẹ́lì ṣe lọ. Kọ̀ǹpútà pàápàá ń fa ìlà pupa sábẹ́ sípẹ́lì tí kò tọ́. Ibi tí òye ti já mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́ ni kì í hàn sí ẹni tó kọ iṣẹ́, nítorí pé ohun tí kò sí lórí ìwé ti wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń pàdé, lẹ́yìn tí oníkálùkù bá ti ka iṣẹ́ náà nílé. Ẹni tó ni iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí a ó fi sọ tiwa tán, torí pé olùyẹ̀wò, ìyẹn onímọ̀ tí jọ́nà ń gbé iṣẹ́ fún kó yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní pè é kó wá ṣàlàyé.

Àbúrò wa kan tó ń ṣèwádìí lórí àrùn tí í sọ èso kòkó di dúdú gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá lẹ́yìn tí jọ́nà kan ti dá a padà láì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò kankan. Ọ̀rọ̀ ńlá ni àrùn yìí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kòkó ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀dá tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní Phytophthora megakarya ló sábà máa ń fà á lọ́dọ̀ wa, ìgbà òjò ló sì máa ń jà jù. Síbẹ̀, ìtàn kòkó lágbàáyé ló gba ojú ìwé méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹta, ó ní: “Àbúrò mi, ibí ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ò ń wá. Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ títí débí?” Gbólóhùn náà ni pé àwọn àgbẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀ kì í yí àsìkò tí wọ́n ń fín oògùn padà, ìbáà jẹ́ pé òjò tètè dé tàbí ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ní abala ìjíròrò nínú iṣẹ́ náà, níbi tó ti yẹ kó sọ ohun tí èsì ìwádìí túmọ̀ sí, ńṣe ni àbúrò wa ń tún iye tó wà nínú àtẹ kà. Mo wá bi í pé kí ni kí àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè ṣe bí oko tó ní ìbòjì jù bá ń pàdánù èso ju àwọn yòókù lọ. Ó ṣàlàyé dáadáa bí gígé ẹ̀ka igi ṣe ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé tí ọ̀rinrin sì ń dín kù. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, a sì ní kó lọ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ohun tó ṣòro jù láàárín wa ni bí ọmọdé yóò ṣe sọ fún àgbà pé iṣẹ́ rẹ̀ kò yé òun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn àgbà ni a kọ́kọ́ kà, tí a sì gbà pé kí oníkálùkù máa sọ pé “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibí ni mo ti ṣìnà.” Kò sí àrífín nínú ìyẹn. Méjì nínú wa ti kọ́kọ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dánra wò nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ AuthorAID lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí INASP, àjọ kan tó ń ran àwọn olùṣèwádìí lọ́wọ́, dá sílẹ̀ ní 2007, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fún iṣẹ́ ara wọn ní máàkì.

Jọ́nà kejì tí àbúrò wa fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí gbé e fún àwọn olùyẹ̀wò. Nígbà tí èsì wọn dé, ó tún kó o wá, a jókòó tì í, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí kò fara mọ́, tó sì sọ ìdí rẹ̀ fún olóòtú pẹ̀lú ọ̀wọ̀.