Ìlú tí kò sí: ẹ wá sọ ìwé tó mú yín fẹ́ kó lọ síbẹ̀, àti ojú ewé tó lé yín padà

Àkànjí Oníwèé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọdún tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, mo gba yàrá nínú ilé kan tí yàrá mẹ́jọ kọjú sí ara wọn, ṣálángá kan, ilé ìwẹ̀ kan. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: ta ló máa fọ ṣálángá lọ́sẹ̀ yìí, ta ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé yẹn ló ń fa gbogbo ìjà ilé náà. Bàbá tó wà ní yàrá kẹta kì í fọ̀ ọ́ láé. Ó ní òun kì í sábà sí nílé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń lò ó jù. Àgádágodo méjì ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn mi, síbẹ̀ wọ́n jí sítóòfù mi gbé.

Àsìkò yẹn ni mo rí Utopia ti Thomas More rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Èdè Látìn ló fi kọ ọ́, ọdún 1516 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Arìnrìn-àjò kan ló ń ròyìn erékùṣù kan tó ní ìlú 54, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Wákàtí mẹ́fà péré ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Ilẹ̀kùn wọn kò ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọn á ṣẹ́ gègé, wọn á pààrọ̀ ilé. Wúrà ni wọ́n fi ń ṣe póò tí wọ́n ń tọ̀ sí, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà wọ̀ ọ́. Mo rántí bàbá yàrá kẹta àti ṣéènì tó ń kọ mànà lọ́rùn rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lóru ọjọ́ yẹn, ká ní ọkọ̀ kan ń lọ síbẹ̀ ni, ẹrù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo wá kà dé ibi tó ti ní ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá mú un láìní ìwé, ó jìyà. Bó bá tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ó di ẹrú. Ẹrú kẹ̀? Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Àwọn ẹrú ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ojú mi ló fò wọ́n. Àwọn ló ń pa ẹran lẹ́yìn ìlú. Àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́gbin àti iṣẹ́ wúwo níbi tí àdúgbò ti jọ ń jẹun. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè wọ́n, wúrà ni wọ́n fi rọ òun náà. Mo gbójú sókè wo ìwé ṣálángá lára ògiri. Àṣé More náà kò rí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò lè kọ̀ ló gbé e fún.

Orúkọ ìlú náà gan-an, ní èdè Gíríìkì, "ibi tí kò sí" ni. More kò tàn wá jẹ.

Ó yá, ta ló kàn?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Àkànjí àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Iṣẹ́ iléèwé àwọn ọmọ mi ni tèmi ti wá. Wọ́n ní kí wọ́n ka The Giver, ìwé Lois Lowry tó jáde ní 1993. Ó sú àwọn méjèèjì, ni mo bá ní kí wọ́n gbé e wá sí kíṣìnnì, kí n máa kà á sí wọn létí bí mo ṣe ń dáná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn ìlú yẹn! Ebi kò sí, ìjà kò sí. Ọmọ tó bá pẹ́ dé kíláàsì á tọrọ àforíjì, gbogbo wọn á dáhùn pé àwọn ti dárí jì í. Wọ́n ń fi sùúrù wẹ àwọn arúgbó wọn. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti wẹ arúgbó, tí mo ń sáré láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì nínú òtútù, mo ní àwọn wọ̀nyí mà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe o. Bí arúgbó kan bá ti gbó tó, wọn á ṣe àríyá fún un, wọn á ka ìtàn ayé rẹ̀, wọn á wá "tú u sílẹ̀". Mo rò pé ibi tó tura kan ni wọ́n ń mú un lọ.

A ń kà á lọ, a dé ibi tí wọ́n bí ìbejì tó jọra débi pé wọn kò ṣeé dá mọ̀. Ìlú yẹn kò gba kí ẹni méjì jọ ara wọn bẹ́ẹ̀. Jonas ni ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí; bàbá rẹ̀ ni olùtọ́jú ìkókó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ohùn kékeré bá ọmọ ṣeré. Ó gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ó gún èyí tó fúyẹ́ lábẹ́rẹ́ níwájú orí. Ó gbé e sínú páálí, ó jù ú sínú ihò ìdalẹ̀, ó ní ó dàbọ̀ o.

Ohùn mi há. Kẹ́hìndé ló fúyẹ́ nígbà tí mo bí wọn, ó sì mọ̀, torí mo ti fi ìyẹn dápàárá lójú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé èmi nìyẹn?" Mo pa ìwé dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ìrẹsì mi sì jóná.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú o. Láti Kútọnu ni mo ti ń kọ̀wé, bí àmì ohùn mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Candide ti Voltaire ni wọ́n fi kọ́ wa ní lise, iléèwé girama wa, ìwé ọdún 1759. Candide àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Cacambo já sí Eldorado, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi wúrà ṣeré nílẹ̀. Kò sí kóòtù, kò sí ẹ̀wọ̀n, oúnjẹ ọ̀fẹ́. Olùkọ́ bi wá pé ta ló máa dúró níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì nawọ́ àyàfi èmi. Mo ní bí gbogbo èèyàn bá lówó, ta ló máa mọ̀ pé mo lówó? Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó! Ìgbà tí a yí ojú ewé, ohun tí Candide fúnra rẹ̀ wí nìyẹn: báwọn bá dúró, àwọn ò ní yàtọ̀ sí àwọn yòókù, báwọn bá di ẹrù wúrà lé àgùntàn jáde, àwọn á lówó ju ọba lọ. Oṣù kan péré ni wọ́n lò. Wọ́n tún ń wá ọmọge kan, ṣùgbọ́n wúrà yẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀.

Kí ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe dé Surinam lẹ́yìn ìyẹn, aláwọ̀ dúdú kan ni wọ́n bá nílẹ̀, ẹrú tí iṣẹ́ ṣúgà ti gba ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé iye tí wọ́n fi ń jẹ ṣúgà ní Yúróòpù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Àkànjí ló rán mi létí rẹ̀.

Ọmọ Etíkun

Mo ti ń retí kí ẹnìkan dárúkọ Ayétòrò, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀, ó yá n ó sọ ọ́.

Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ, ni ìyá ìyá mi ti dàgbà. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, ìjọ Kristẹni kan, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, lórí ẹrẹ̀. Ohun gbogbo jẹ́ ti àjọ: ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, ilé ìhunṣọ, ilé iṣẹ́ bàtà. Ẹja tí o bá pa, ti ìlú ni. Àjọ ló ń bọ́ ọ, àjọ ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, owó kì í sí lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àjèjì ń ti òkè òkun wá wò wọ́n.

Ní yunifásítì ni mo ka Season of Anomy, èyí tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1973. Mo bá ìlú kan pàdé nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Aiyéró, mo sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ofeyi, tó ń polówó kòkó fún àwọn alágbára, dé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Àwọn ọ̀dọ́ Aiyéró ń lọ ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n máa ń padà wálé. Ofeyi fẹ́ gbin ìṣe wọn kiri gbogbo ilẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ ni àwọn alágbára fi dá a lóhùn.

Mo gbé ìwé náà lọ bá màmá, ìyá ìyá mi yẹn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń mi orí, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń padà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èwo ló padà?" Àwọn náà kò padà. Ọkọ ló mú wọn lọ sí Òkìtìpupa, wọ́n ti lé lógún ọdún nígbà náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ọjà, wọ́n kó gbogbo owó ọwọ́ wọn fún oníyọ̀, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ra iyọ̀ rí láyé wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín, àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kì í ṣe iyọ̀ ló dun àwọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló dun àwọn, tí àwọn dá jókòó ti abọ́ kan nínú yàrá, tí àwọn ò gbúròó ẹlòmíì tó ń jẹun, òkèlè kò lọ.

Ètò àjọní yẹn kò pé 30 ọdún kó tó tú. Òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, tó fi mọ́ èyí tí màmá gbé. Mo ṣì ń bínú sí Ṣóyínká díẹ̀, torí ó mú kí gbogbo wọn padà.

Kàkò Kékeré

Ẹ̀yin ará yìí, èmi ò rí ẹni tó sọ òótọ́ pé ìlú rere máa ń súni nínú ìwé. Mo ka Looking Backward ti Bellamy, ìwé 1888: Julian West sùn ní Boston ní 1887, ó jí ní 2000, gbogbo nǹkan ti dára. Ó kù kí dókítà kan máa ṣàlàyé fún un. Àlàyé, àlàyé, àlàyé. Mo sùn ju Julian lọ.

Nínú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938 ńkọ́? Bàbá mi máa ń kà á sí wa létí bí iná bá lọ. Kàkò Oníkùmọ̀-ẹkùn ni mo ń dúró dè, àti àwọn iwin ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti dé Òkè Láńgbòdó, ìlú rere tí àwọn ọdẹ náà ń lọ, tí Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méje, oorun á gbé mi lọ.

Àkànjí Oníwèé

Kàkò, àwọn tó fẹ́ràn Ìrágbèje máa wá bá ọ níbí, múra sílẹ̀. Ọmọ Etíkun, ẹ bá mi kí màmá. Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni iṣẹ́ iléèwé yẹn ṣe wá parí?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ìlú tirẹ̀, kó kọ òfin rẹ̀ sábẹ́. Táíwò ya tirẹ̀, ó fi ara rẹ̀ jọba. Kẹ́hìndé ní òun kò gbébẹ̀, òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló yẹ kó jọba. Wọ́n ń jà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò sì sẹ́ni tó fọ abọ́ nínú àwọn méjèèjì.